Okùn Ìdí Enerel

Dulmaa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà ní Seoul? Baba rẹ ń kí yín. Òtútù pa àgùntàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ara wa le.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, má bú sẹ́kún. Mo jáde lọ fún wàrà màálù lánàá. Kí n tó wọlé, Enerel ọmọ rẹ ti gbá ààrò gbígbóná mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nọ́ọ̀sì ní yóò san.

Ṣebí ìwọ lo pariwo lórí fóònù pé, "Màámi, ṣé ewúrẹ́ lọmọ mi tí ẹ fi ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì?" Mo gbọ́ tìrẹ, mo tú u. Okùn yẹn náà ni mo fi so ìwọ, o ò sì ní àpá iná kankan lára.

Mo ti tún so ó. Bí ó bá ń dùn ọ́, wá tú u fúnra rẹ. Kí Ọ̀run ṣọ́ ọ délé. Gbogbo obìnrin tó bá wọlé ni Enerel ń nawọ́ sí, á ní, "Ṣé màámi nìyí?"

Èmi ìyá rẹ ni.