Bàbá Gba Búrẹ́dì Lánàá

Apa, Badagry
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, 1979

Bọ̀dá Mákánjú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Libreville. Oògùn orúnkún tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìyá ṣiṣẹ́ gan-an. Wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà. A ti fi páànù tuntun bo ilé ìdáná.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí: Bàbá jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lánàá!

Ẹ rántí pé ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi jẹ ẹ́, torí ìwé Mátíù nínú Bíbélì ní "kí ẹ̀yin kí ó pé", wọ́n sì ní ẹni tó ń jágbe mọ́ èèyàn bíi tàwọn ò tíì pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, katikíìsì wa tuntun, tó kọ́ èdè Gíríìkì, bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni téléíọ́sì, ohun tó ti dàgbà débi tó ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a.

Ó bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé àwọ̀n yìí pé?"

"Ó pé kẹ̀! Ṣé o ò rí ẹja tó kó láàárọ̀ ni?"

"Gbogbo ibi tó ya tí ẹ ti so yìí ńkọ́?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ka àwọn ibi tí wọ́n ti so náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lánàá, wọ́n dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ń lọ síwájú. Ìyá hó yèè! Bàbá yíjú padà, wọ́n jágbe mọ́ Ìyá, wọ́n sì kúnlẹ̀ gba búrẹ́dì.

Olúwa á mú yín wálé láyọ̀. Bàbá ní kí ẹ fi òwú àwọ̀n ránṣẹ́. Ibi tí àwọn máa so ṣì pọ̀.

Àbúrò yín,
Morìnsọ́lá