Mọ́tò Tí Mo Yáwó Rà Láti Fi Wá Nọ́fíù

Diobu, Pọtakọ,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 1970.

Àdíját Àṣàkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ara tèmi náà ń gbé e, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Jókòó ti ọkọ rẹ kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, mi ò bẹ akọ̀wé kankan. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló kọ́ ilé tí wọ́n bí yín sí, ó sì tó kọ lẹ́tà sí ọmọ mi.

O mọ̀ pé ọjọ́ tí ogun wọ ìlú wa lọ́dún 1968, Nọ́fíù àbúrò rẹ wà ní Aba lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà dí mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, a ò gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún yìí, àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ìhà ibẹ̀. Mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí níbẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé, Sùnmọ́nù, ìwọ tí o ru àwo tánganran lórí láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé etí òkun, tí gbogbo ọjà Mile One mọ ohùn rẹ, ṣé orí ìjókòó lo ti máa rí ọmọ?

Mọ́tò ló kù. Awakọ̀ kankan kò gbà láti gbé mi lọ, wọ́n ní sọ́jà lè gba mọ́tò lọ́wọ́ àwọn lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ogun ti kó ṣọ́ọ̀bù mi lọ. O mọ̀ pé n kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà níbí, èmi gan-an ni mo máa ń fi àwọn tó ń yáwó ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè tí mo dìde láti tọrọ, Akínfẹ́nwá alága wa pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Bàbá Olówó! Ẹ̀yin náà rèé? Ẹ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì àwọn ayáwó, ẹ sún mọ́ wọn níbẹ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá ń yáwó yóò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe lójú gbogbo èèyàn, ẹnì kan yóò sì dìde ṣe onídùúró rẹ̀. Mo ní, “Mọ́tò ni mo fẹ́ rà. Nọ́fíù ni mo fẹ́ fi wá.” Ẹ̀rín tán. Akínfẹ́nwá ṣí fìlà, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Èmi ni mo dúró fún wọn. Ẹ kówó fún bàbá.”

Mo ra Mọ́ríìsì àlòkù kan ní D-Line. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, ó sì ń mu omi bí ẹṣin. Síbẹ̀, ọjọ́ tó wọ àdúgbò wa, mo ní kí Mùtíù awakọ̀ fọn fèrè rẹ̀ títí gbogbo ayálégbé fi jáde. Kò sí ẹlòmíràn tó ní mọ́tò ní òpópónà wa, àfi bàbá rẹ!

A lọ sí Aba, a lọ sí Òwẹ́rì. Inú ilé ìwé ni wọ́n kó àwọn aláìsàn àti àwọn tí ebi ti pa sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀, n kò ní kọ ọ́ sí ọ. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ohùn tí mo fi ń polówó tánganran ni mo fi ń ké pé, “Nọ́fíù o! Nọ́fíù Àjàní ọmọ Sùnmọ́nù, bàbá rẹ dé o!” Ní ilé ìwé kan lẹ́bàá Òwẹ́rì, obìnrin tó ń tọ́jú wọn jáde, ó ní, “Papa, no Nofiu for here o.” Ó jẹ́ kí n wo yàrá àkọ́kọ́. Ó ní kí n má wọ èkejì, pé àìsàn ibẹ̀ ń ràn. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo padà délé, Boma, àbúrò Ibiere ìyá yín (kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ), ti Okrika wá kí mi. Ó fi pijin bi mí pé orúkọ wo ni mo ń pè. Mo ní orúkọ wo ni ǹ bá tún pè ju èyí tí mo sọ ọ́ lọ? Ó figbe ta. “Héè, àna wa! Ta ló máa jẹ́ Nọ́fíù níwájú sọ́jà Bìáfíra? Wọ́n á ní amí ni! Dagogo ló máa jẹ́.” Àdíját, orúkọ tí bàbá ìyá yín fún un nìyẹn. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ilẹ̀ mọ́, Mùtíù tún gbé mi jáde. Láti ilé ìwé dé ilé ìwé, títí a fi padà dé ti ẹ̀bá Òwẹ́rì. Mo ní, “Dagogo.” Obìnrin yẹn gbọ́wọ́ lé àyà. Ẹ̀yìn ilé ló mú mi lọ, níbi tí erùpẹ̀ ṣì rọ̀. Àdíját, àbúrò rẹ ti lọ. Ó wà láàyè ní yàrá kejì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá. Obìnrin náà ní ó ń gbìyànjú láti dìde, ó ń wí pé bàbá òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ kó dùbúlẹ̀.

Pátákó kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Dagogo sí. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn pa á rẹ́, kí àwọn kọ èyí tí mo fẹ́. Mo ní rárá. Orúkọ yẹn ló gbé e dé ibi tó dé. Èmi àti Mùtíù kírun sí i lára. N kò mọ gbogbo ohun tí àlùfáà máa ń kà. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ ni mo kà, mo sì tún un kà.

Ọlọ́run yóò dá ìwọ sí fún mi. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, ìwọ kò ní sin wọn. Ohùn rẹ yóò máa dé etí ẹni tó ń retí rẹ, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni bàbá tó bí ọ lọ́mọ,
Sùnmọ́nù Onítánganran.

Mo gbàgbé: Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fi owó náà jì mí. Mo ní rárá, èmi ni mo yá a, èmi ni n ó san án. Mùtíù ti ń fi mọ́tò náà kérò. Èmi kì í wọ̀ ọ́ mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ nílé, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní mọ́tò.