Àmì Funfun Ara Ẹ́ńjìnnì Bàálù Wa

Èmi, mẹkáníìkì ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Ẹ́ńjìnnì, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ara ló ń rẹ̀ mí, orí mi ṣì pé. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi lè jẹ́rìí sí i, nítorí láàárọ̀ yìí ni mo ṣàlàyé fún un ìdí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń han. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Káfíńtà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ pín ògiri ni mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti ìyàwó mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ló fi rán aṣọ tí a fi bo apá bàálù tí a fọwọ́ ara wa kàn, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko, tó ń bú mi bó ṣe ń rán an lọ. Ìyá wọn, mo gbọ́ gbogbo èébú náà. Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ.

2. Ajá mi di ti káfíńtà. Abẹ́ apá bàálù ló ti mọ́ ọn lára láti máa sùn, kí ó wá nǹkan tó jọ ọ́ kàn fún un. Káfíńtà, àkàbà rẹ tí a torí rẹ̀ bá ara wa yan odì fún ọdún méjì, ọwọ́ mi ló wà lóòótọ́. Wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Má bínú.

3. Gbogbo sípánà mi di ti ọmọkùnrin mi, Kánjúkánjú. Òun náà ló ni apá, ìrù, táyà àti ìjókòó bàálù náà. Òun ló kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú mi, òun yóò gbé e fò láti fi yẹ́ mi sí. Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ka ìpín kẹrin kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

4. Ẹ́ńjìnnì bàálù náà di ti ọmọbìnrin mi, tí mo sọ ní Tún-un-wò, nítorí láti kékeré, bó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà lọ wò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì náà títí òun yóò fi wá fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ táímìnnì rẹ̀, ìyẹn àkókò tí iná rẹ̀ ń ta, wò. Bí kò bá wá láàárín ọdún kan, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí bàálù náà má fò láé.

Mo mọ̀ pé Kánjúkánjú yóò ní èyí ti le jù. Ìdí rẹ̀ nìyí. Iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta díẹ̀ ṣáájú kí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, tó dé òkè. Bó bá ti yá jù, ẹ́ńjìnnì á gbá padà, abẹ̀bẹ̀ iwájú á sì ṣe ẹni tó ń yí i léṣe. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí òkè gan-an wà. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kọ́kọ́ tan án, mo ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò púlọ́ọ̀gì, mo ń yí abẹ̀bẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí igi náà dúró, tí kò gòkè mọ́, mo ní òkè nìyẹn, mo sì fi ọ̀dà funfun sàmì sára àwo irin tí abẹ̀bẹ̀ jókòó lé. Tún-un-wò ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, písítìn máa ń dúró díẹ̀ lókè, ojú ò lè mọ àárín rẹ̀. Ó ní kí a fi nǹkan dí i lọ́nà, kí a yí i láti ọ̀tún, kí a sàmì síbi tó ti dúró, kí a yí i láti òsì, kí a tún sàmì, kí a wá pín àárín àmì méjèèjì sí méjì. Mo ní ṣé ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní kó di táímìnnì náà sí ojú àmì mi. Ó dì í, omi dúró lójú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yí abẹ̀bẹ̀, ó gbá padà, ó ṣẹ́ mi lápá.

Nígbà tí ẹ sáré dé, tí ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní Tún-un-wò ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Gbogbo yín dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ó wò mí, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti rí i kẹ́yìn.

Nígbà tí apá mi jinná, mo ṣe é bó ṣe wí. Àmì mi fi ìbú ìka kan yẹ̀. N kò tún un dì, mo ń retí ẹni tó ni iṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Tún-un-wò, ojú sì ń tì mí láti fi wọ́n ránṣẹ́, mo kó wọn sínú páálí púlọ́ọ̀gì.

5. Kí káfíńtà ka ìpín yìí sókè nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti jókòó, kó má sáré kà á. Tún-un-wò, ọmọ mi, ìwọ lo jàre. Èmi ni mo ṣìṣe, èmi náà ni mo sì dì í rù ọ́. Níwájú ìyá rẹ àti àbúrò rẹ, mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Lánàá ni mo ní kí nọ́ọ̀sì fà mí dé ṣọ́ọ̀bù. Mo fi aṣọ àti kẹrosíìnì nu àmì funfun náà kúrò. Agolo ọ̀dà wà lórí pẹpẹ, mo ṣí i wò, kò tíì gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fi àmì tìrẹ síbẹ̀.

Apá tó ṣẹ́ yẹn ni mo fi buwọ́ lu ìwé yìí, ìdí nìyí tí ìlà rẹ̀ fi wọ́.

BÀBÁ Ẹ́ŃJÌNNÌ
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Ẹlẹ́rìí kìíní: nọ́ọ̀sì, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò han mọ́.
Ẹlẹ́rìí kejì: afìwéránṣẹ́ àdúgbò, tó gba lẹ́tà mẹ́rin lọ́wọ́ mi lónìí láti fi ránṣẹ́.