Ẹnu Ọ̀nà Iwájú Ni Àwa Méjèèjì Yóò Gbà Wọlé

Ìye mi, ìyá tó bí mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Mọrẹ́nikẹ́ àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. Mo kí Bàbá Wòlíì ìjọ wa pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wọn ń bí mi. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí gbogbo ìlú wa Àyèká ló ti ń sọ̀rọ̀ mi.

Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń ge ni létí. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń pa adìẹ ti gbà mí padà, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí n di ọ̀bẹ mú mọ́ nítorí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n. Páálí ni mò ń dì. Ṣùgbọ́n mò ń tọ̀, Ìye mi! Èmi tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún, tí wọ́n ń wọn omi fún bí oògùn! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin náà sunkún ayọ̀ nígbà tí ẹ wá gbọ́ ohùn mi nílé tẹlifóònù ní Òkìtìpupa. Ìgbà tí mo sọ pé ọkùnrin òyìnbó kan tí mọ́tò pa ló ni kíndìnrín tí wọ́n fi sí mi lára, ẹ ní ohun tó jẹ́ ti ẹni tí mọ́tò pa kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé nílé wa. Ẹ ní bí mo bá ń bọ̀, kí n gba ẹ̀yìnkùlé, kí Wòlíì fi imọ̀ ọ̀pẹ na òkú náà jáde lára mi, kí n sì da oògùn òyìnbó nù.

Orí mi gbóná. Mo fọ́ dígí ilé ìwẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ya. Ọmọ ìlú Àjàgbà kan tí a jọ ń gbé níbí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n bu púpurú fún òyìnbó inú mi kí ebi má pa á. Mo fún un lọ́rùn. Mo lù ú títí eyín rẹ̀ kan fi yọ, mo ṣì ń lù ú nígbà tí ọlọ́pàá dé. Nígbà tí n kò rí ẹni lù mọ́, mo kọjú sí ara mi. Mo fi ìkúùkù lu ìsàlẹ̀ ikùn mi níbi tí wọ́n rán, mo ń pariwo pé kí ó jáde, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn sí itan mi.

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye ní ọsibítù. Ó ní oògùn tí kò jẹ́ kí ara mi kọ kíndìnrín náà lè mú kí èèyàn máa bínú kọjá ààlà, pé mi ò sì gbọdọ̀ dá a dúró, torí ikú ni. Dókítà ti dín in kù. Wọ́n tún ní kí n máa lọ bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbọ́ ìbínú mi. Ọmọ Àjàgbà ti dárí jì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi eyín tó kù bú mi.

Obìnrin yẹn bi mí bóyá mọ́tò ti pa ẹnìkan rí nílé wa. Mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi Akíntóyè, tí lọ́rì tẹ̀ pa lọ́nà Ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ẹ ń ké, wọ́n já ọwọ́ yín kúrò, wọ́n sì lọ sin ín sínú igbó. Ẹ kò fẹ́ òfin yẹn lọ́jọ́ náà. Kí ló dé tí ẹ wá ń fi lé èmi náà síta?

Mò ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Oògùn mi ń bẹ nínú báàgì mi, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti olúwa rẹ̀ ni. N kò ní gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ dúró síbi òpó yẹn, ẹ fọwọ́ kan ojú àpá mi, ẹ kí àlejò mi káàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí mọ́tò pa wọlé nílé wa, Ìye mi, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọlọ́run á dá yín sí dè mí, ẹ ò ní sunkún ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí tilé toko.

Èmi ni Bánjí, ọmọ yín ọkùnrin tó ṣẹ́ kù.