Ike Tí Wọ́n Fi Sí Mi Lẹ́nu

Àbúrò mi,

Ara mi le koko bí ọta, má dààmú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dùn mí nìkan ni ọmọ mi àti ìyàwó ẹ̀ torí ẹ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ó ní mò ń payín keke lójú oorun. Ta ni kò ní payín keke nínú ilé wọn yìí? Àwàdà ni o.

Ó ṣe ike kan tó bo eyín mi. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó dijú bí ẹni tó sùn, ó yé mi pé alẹ́ ni kí n máa lò ó. Ìyàwó ọmọ mi wá ń túmọ̀: "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ tọ̀sántòru, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun."

Mo wo ọmọ mi. Ó gbọ́ èdè tí dókítà ń sọ ju ìyàwó ẹ̀ lọ. Bàtà ẹ̀ ló ń wò.

Ilé ti pa rọ́rọ́ báyìí. Lánàá mo yọ ọ́, kí n lè bá ọmọ-ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ló bá figbe ta: "Mọ́mì, Màmá àgbà ti yọ ọ́ o!"

Bá mi kí gbogbo ilé. Tí wọ́n bá béèrè ìdí tí n kì í fi í gbé fóònù, sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Sọ pé ẹnu mi ṣì mú bí abẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ