Bí Kòkòrò Ṣe Lé Wa Láti Etí Adágún Dé Orí Àpáta

                                        Yàrá òkè, ṣọ́ọ̀bù oníkọ́tìnnì,
                                        Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú ooru yìí, bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń mú níbí náà ló ń mú lọ́dọ̀ yín. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn? Ọmọ-ọmọ yín tuntun ńkọ́, èyí tí ẹ ní ó ti ń fi ojú wá ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀? Àlàáfíà ni èmi àti ọmọ yín wà, àyàfi pé ojú mi òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, kòkòrò ló jẹ mí. Ọ̀rọ̀ kòkòrò ọ̀hún ni mo jókòó láti kọ sí yín, òun àti ọ̀rọ̀ mìíràn tó tẹ̀lé e, tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọ̀gá wa, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rán kọ́tìnnì, ló dá a lábàá pé kí gbogbo wa lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ sinmi nínú igbó, kí a rìn, kí a pa àgọ́, kí a sùn sínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn wa ti tẹ̀ sórí máṣíìnì jù. Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Gbogbo wa la pariwo pé à ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, àwa mẹ́rin péré la gbẹ́rù kọ́ ẹ̀yìn níwájú ṣọ́ọ̀bù: ọ̀gá, èmi, ọmọ yín, àti ọkùnrin tó ń bá wa tún máṣíìnì ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́.

Orúkọ yẹn bá a mu. Bí máṣíìnì bá dákẹ́ iṣẹ́, tí ọ̀gá ń rìn sókè rìn sódò pé àwọn oníbàárà ń bọ̀, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ gbé etí lé e bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, kó tó tú ohunkóhun. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti pínyà tipẹ́, kò sì bímọ. Láti ìgbà tí àbúrò yín, ọkọ mi, ti kú fi èmi àti ọmọ sílẹ̀, mi ò wo ojú ọkùnrin kankan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń rí i pé máṣíìnì tèmi nìkan ni kì í tètè parí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ọmọ yín náà rí i. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ojú rẹ̀ sì là ju tèmi lọ. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti wọlé, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì jáde. Ẹ mọ irú ìkíni tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Kí a tó lọ, Jẹ́jẹ́ ti kìlọ̀ fún wa. Ó ní kí a wọ aṣọ alápá gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí pé kòkòrò máa ń tètè rí aṣọ dúdú, àti pé lórí aṣọ funfun èèyàn á rí èyí tó bá ń gùn ún. Ó ní kí a ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí a fi ìpara tó ń lé kòkòrò pa ibi tí aṣọ ò bò, kí a má sì fín lọ́fíńdà rárá. Etí kan ni ọ̀gá fi gbọ́. Ó ní òun ò lè lọ sínú igbó kí òun náà wá máa rùn bí igbó. Èmi náà ò sì gbọ́n jù ú lọ. Búláòsì dúdú mi nì ni mo wọ̀, nítorí pé ó máa ń bá mi lára mu. Ẹ má bi mí pé ta ni mo fẹ́ kó rí i.

A ò tíì rìn jìnnà tí oyin fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọ̀gá bí ẹni ń sin ìyàwó. Ó ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń ju ọwọ́ sósì.

Jẹ́jẹ́ ní, “Ẹ má ju ọwọ́, mà. Ẹ kàn máa rìn bí ẹni pé ẹ ò rí wọn.”

Ọ̀gá ní, “Ṣé àwọn náà á ṣe bí ẹni pé wọn ò rí mi?”

Nígbà tí a dé ibi ẹ̀rọ omi kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ síbẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ọrùn àti ọwọ́ títí òórùn lọ́fíńdà náà fi lọ. Àwọn oyin padà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo ń rẹ́rìn-ín, eṣinṣin ńlá kan gba orí búláòsì dúdú jẹ mí léjìká.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí a yọ sí adágún omi kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ lẹ́wà. Omi náà dúró jẹ́ẹ́ bíi dígí, koríko gíga sì yí i ká. Ọ̀gá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti dé ilé. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ò sọ ẹrù tirẹ̀. Ó ní omi tí kò ṣàn àti koríko tó ga, ilé ẹ̀fọn ni wọ́n, kí a jẹ́ kí a gòkè síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọmọ yín ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ó ti rẹ màmá mi. Ibí dáa.”

Kò rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe. Jẹ́jẹ́ náà mọ̀. Ó ní kò burú, ó sì bá wa pa àgọ́ sétí omi láìráhùn.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ báyìí ni wọ́n dé. Mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀fọn rí, èmi tí mo dàgbà nínú ilé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti ń retí wa láti àárọ̀. Kékeré l'abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀gá ń gbá ara rẹ̀ létí, èmi ń gbá ẹ̀yìn ọ̀gá, ọmọ yín fi aṣọ bo orí bí ẹyẹ tí òjò pa. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí a kó ẹrù. A ṣáà rí i pé a ti ń kó o. Àgọ́ tí a ò ká tán la gbé léjìká tí a fi ń sá gòkè, ẹ̀gún sì fa nẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà tiwa ya.

Lójú ọ̀nà, mò ń retí kí Jẹ́jẹ́ sọ pé, “Mo ṣáà sọ fún yín.” Kò sọ ọ́. Ó rí abẹ́ igi kan lókè díẹ̀, ó yí i po, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, ó ní ibẹ̀ gbẹ, ó sì dára. Ó fi òòlù gbá èèkàn àkọ́kọ́ wọlẹ̀. Orí ilé tanpẹ́pẹ́ ló gbá a sí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó ju òòlù síbì kan, ó ju fìlà síbòmíràn, ó ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ọpẹ́lọpẹ́ ìbọ̀sẹ̀ tó ki ṣòkòtò bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni wọ́n rí jẹ.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ó ní, “Ẹ kàn máa rìn bí ẹni pé ẹ ò rí wọn, sà.”

Ọmọ yín ni. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. Jẹ́jẹ́ wò ó, òun náà bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, síbi tó ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa o.

Ọmọ náà ló wá nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ wo orí àpáta yẹn. Kò sígi, kò sí koríko, kò sómi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lára láti ibí.” Jẹ́jẹ́ wò ó pẹ́. Ó ní, “Ibẹ̀ ló yẹ kí a ti kọ́kọ́ lọ,” ó sì gbé ẹrù ọmọ náà mọ́ tirẹ̀. Èèkàn ò lè wọ àpáta, nítorí náà òkúta ńláńlá la so okùn àgọ́ mọ́. Mo yọ abẹ́rẹ́ àti òwú jáde, mo rán nẹ́ẹ̀tì tó ya bí ẹni ń rán kọ́tìnnì oníyebíye. A jẹ búrẹ́dì, a mu tíì, ẹ̀fọn kan ṣoṣo ò ráyè dúró nínú afẹ́fẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Jẹ́jẹ́ ní kí kálukú wọlé lọ wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ̀yìn etí, abíyá, ìbàdí, ẹ̀yìn orúnkún, kó má lọ jẹ́ pé eégbọn ti so mọ́ ẹnì kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti parí. Ọmọ yín ti ká ṣòkòtò sókè lọ́sàn-án nítorí ooru, eégbọn kan tí kò ju hóró yánmọtí lọ sì ti rì orí bọ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Ọmọ náà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gírígírí. Èmi gan-an ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́, mo ti na èékánná sí i.

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ohùn wa níta. Ó ní, “Má fi èékánná já a. Bí o bá já a, ẹnu rẹ̀ á kù sínú ara.”

Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tó ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, “ẹ” ló máa ń pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí ní “o” nìyẹn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ó mú ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu tín-ín-rín tó fi ń yọ òwú nínú máṣíìnì wá, ó ti fi sípírítì nù ún. Ọmọ yín ní òun ò fẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Kò janpata. Ó na ẹ̀mú náà sí mi láti ẹnu síìpù àgọ́, ó fún ọ̀gá tó ti wọlé bá wa ní tọ́ọ̀ṣì, ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó jókòó síta. Ibẹ̀ ló ti ń sọ fún mi pé kí n mú un níbi tó sún mọ́ awọ ara jù, kí n má lọ́ ọ, kí n fà á sókè tààrà. Ọwọ́ mi tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló na ẹ̀mú sí i tó tún fà á padà. Ọmọ yìí ni ohun tó kù fún mi lára àbúrò yín, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ mi lè ṣàṣìṣe lé lórí.

Jẹ́jẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti ìta. Ó ń ṣàlàyé bí máṣíìnì ọ̀gá ṣe máa ń ké kó tó bàjẹ́, àti bí tèmi ṣe máa ń kùn.

Ọmọ náà ní, “Ṣé bí ẹ ṣe máa ń bá máṣíìnì sọ̀rọ̀ nìyí?”

Ó ní, “Máṣíìnì kì í dá mi lóhùn. Ìwọ sàn.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, mo sì fà á. Ó jáde tòun torí. Òótọ́ ni pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí tí ibẹ̀ bá ń pọ́n kiri, kí n gbé e lọ sí ọsibítù. Títí di òní, kò sí nǹkan kan.

Èmi àti Jẹ́jẹ́ jókòó síta díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, èmi ò bo ojú, ọ̀rọ̀ sì dùn. Bí kòkòrò kan tí mi ò rí ṣe jẹ mí ní ìpéǹpéjú nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú òsì mi ti wú bò. Mo fi gèlè bò ó, mo jáde, Jẹ́jẹ́ sì gbé tíì fún mi, ó ní òun ti ń wá ọjọ́ tí òun máa bi mí bóyá mo lè fẹ́ òun.

Mo ní, “Ọjọ́ tí ojú mi wú bí búrẹ́dì lo wá rí?”

Ó ní, “Èyí tó kù náà ti tó mi.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ojú fi ń dùn mí. Mo ní ọmọ mi ni mo máa kọ́kọ́ bi. Ibi tí mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni ọmọ náà ti jáde nínú àgọ́. Kò wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́ ló lọ, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó gbé irun rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọrùn mi, kó má lọ jẹ́ pé eégbọn mìíràn wà níbẹ̀.” Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì, ó ní kò sí. Ọmọ náà jókòó tì í, ó ní kó bu tíì fún òun. Mo kojú sí ibòmíràn, nítorí pé omi ti ń jáde lójú tó wú, ó sì ń ta mí.

Nígbà tí a délé, mo bi ọmọ yín tààrà. Ó ní òun rò pé mo ti gba ìdáhùn òun lórí àpáta.

Mo ti dá ọkùnrin náà lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò rọrùn fún mi láti kọ ọ́ sí yín, ẹ̀yin tí ẹ bá mi sunkún tí ẹ ò fi mí sílẹ̀. Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé àbúrò yín. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì máṣíìnì mi. Bí Jẹ́jẹ́ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, á nu eruku ojú rẹ̀. Bó bá sì parí, á dá a padà síbi tó wà. Mi ò sọ fún un rí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bá mi fẹnu ko ìkókó lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọmọ yín ní òun kí yín, òun sì ti gé èékánná tí ẹ ní ó gùn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ́tà dá mi lóhùn. Ẹ wọ mọ́tò, ẹ wá, kí ẹ jókòó sí àga mi, kí ẹ wo Jẹ́jẹ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn yín, ojú mi ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tẹ́ ibùsùn yín sílẹ̀.

Èmi náà ni, tiyín tọkàntọkàn,

Ìyàwó yín.