Àṣíborí Tó Kọjú Síbi Tí Kò Yẹ

Ilé Vaubrun,
Òpópónà Saint-Jacques,
Paris.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 1671.

Anselme, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Rouen? Guillemette ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi ọmọ sílẹ̀, ṣé ó sì ti ń rí oorun sùn? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ibí pọ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé n kò rántí rẹ̀.

Mo rí lẹ́tà tí o fi ní kí n ta irin iṣẹ́ bàbá wa, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. N kò bínú. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ wá. Wọ́n ní ọwọ́ obìnrin kò lè fín àwòrán ọlọ́lá sára bàbà. Gossard aládùúgbò wa ló ń kó àwọn oníbàárà lọ, ó sì ti ń fojú wọn ṣọ́ọ̀bù wa.

Gossard yìí náà ló fín àwòrán Ìjòyè Marsillan, tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé ńlá kan. Wọ́n pín in fún gbogbo ẹbí ìyàwó. Nínú àwòrán náà, Ìjòyè wọ ẹ̀wù irin, bẹ́ẹ̀ ehoro nìkan ló bá jagun rí. Léèsì yí i lọ́rùn, àrán rọ̀ mọ́ òpó lẹ́yìn rẹ̀, àmì ìdílé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àṣíborí lórí. Gossard wo àwòrán tí wọ́n kùn, ó sì fín in bó ṣe rí i. Ìwọ náà mọ̀ pé bí a bá fi bàbà tẹ ìwé, òdìkejì ohun tí a fín ló ń jáde. Àṣíborí wá kọjú sí apá òsì àmì náà, bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn ọlọ́lá, ti ọmọ àlè nìkan ló ń kọjú síbẹ̀.

Ìyá àgbà ìyàwó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè sọ fún wa. Ta wá ni bàbá rẹ̀ gan-an?" Ó ní àfi kí àwòrán tó tọ́ dé gbogbo ilé tí èyí ti dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìgbéyàwó.

Ìjòyè fúnra rẹ̀ sáré wá bá mi, wíìgì rẹ̀ ti wọ́ sápá kan.

"Wọ́n ní bàbá yín kì í ṣi àmì fín."

"Bàbá mi ti kú, olúwa mi. Èmi ló kù."

"Ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Ẹ jókòó, kí ẹ má mi orí."

Mo gbé dígí bàbá síwájú àmì náà, inú dígí ni mo ń wò fín in. Ó ní kí n yọ ìléròrò imú òun, mo yọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ ga sí i, mo rẹ òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Àmì ìdílé nìkan ni n kò fi ṣeré.

Ìyá àgbà gbé èyí tuntun lọ sójú fèrèsé. Ó ní, "Eléyìí ní bàbá." Ó tún wo ìsàlẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ Perrine Vaubrun? Ẹ bá mi pè é, mo fẹ́ kó fín àwòrán tèmi náà."

Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Iṣẹ́ kún tábìlì bàbá, Gossard ló sì kọ́kọ́ kí mi lónìí. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Bá mi kí Guillemette, kí o fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. N kò ní ta irin iṣẹ́ o. Mo fi àwòrán kan sínú lẹ́tà yìí. Wo abẹ́ àmì náà. Òdì ni mo fín orúkọ wa sára bàbà, kó lè tọ́ lójú gbogbo Paris.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò lọ ibì kankan,
Perrine Vaubrun